Ọ̀nà Méjì sí Ẹ̀jẹ̀ Fúnkẹ́mi

Wọ́n ti fi àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́ sórí irin. Nọ́ọ̀sì ń wá iṣan lápá ìyàwó mi, Fúnkẹ́mi. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dà jù lára rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti funfun. Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Àgbẹ̀ Ìgèdè ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ní ọsibítù.

Ọmọ wa, Olúwabùsáyọ̀, tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì, fà mí láṣọ.

"Bàbá, irú ẹ̀jẹ̀ wo ló wà nínú káàdì aboyún tí màámi lò nígbà oyún mi?"

Mo tú káàdì náà jáde nínú ọ̀rá. Ẹ̀jẹ̀ O ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"A ni wọ́n kọ sára àpò yẹn."

"Dákẹ́. Wọn á lé wa jáde."

Kò dákẹ́. Ó ya róbótó mẹ́rin sórí bébà, ó fi ọfà so wọ́n pọ̀, ó kọ O sẹ́nu ọfà kan, A sẹ́nu èkejì.

"Bí a ṣe ń yà á ní kíláàsì nìyí. Màámi rèé. Ọfà yìí gba inú káàdì lọ síbi irú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èyí gba inú ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára wọn láàárọ̀ lọ. Ibì kan náà ni wọ́n ti gbéra, ibì kan náà ló yẹ kí wọ́n já sí. Wọn ò já síbẹ̀. Ọ̀kan ń purọ́. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ A sára ẹni tó jẹ́ O, ó lè pa á."

"Èwo?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Nọ́ọ̀sì ti rí iṣan. Tó bá jẹ́ káàdì ló ń purọ́ ńkọ́? Tí mo bá dá wọn dúró, tó sì kú?

Mo na bébà náà sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ... ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ dúró."

"Bàbá, kí lèyí? Ẹ fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ẹ wá ń fi róbótó dí mi lọ́wọ́!"

Mo fi ìka tọ ọfà kan dé O. Mo tọ èkejì dé A. Mo na káàdì sí i.

Ó wò ó. Ó tún wo àpò náà.

"Jésù." Ó já a kúrò lórí irin.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tuntun lára Fúnkẹ́mi, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Ó pẹ́. Mo pe Fúnkẹ́mi, kò dáhùn. Mo tún pè é. Olúwabùsáyọ̀ ń sunkún, kò jẹ́ kí n rí ojú òun. Mo ní èmi ni mo pa á.

Nọ́ọ̀sì sáré wọlé pẹ̀lú àpò mìíràn.

"O ni! Ìgò ẹ̀jẹ̀ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta ni wọ́n kọ orúkọ ìyàwó yín sí lára láàárọ̀."

Mo ń wo ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe ń kán, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àpò náà ti dé ìdajì kí Fúnkẹ́mi tó lajú. Ó ní kí n fún òun lómi.

"Omi ò tíì yá fún yín, màmá," ni nọ́ọ̀sì wí.

Mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.