Ìtàn Tó Parí Kí Ogun Bàbá Àgbà Tó Bẹ̀rẹ̀

Janelle Haugen ti gún ihò sí etí ẹ̀dà karùn-ún ìwé tó ń rán pọ̀, ó sì ń fa òwú gba inú rẹ̀ kọjá. Kò gbójú sókè. Àwọn ìdílé tó wà ní àyíká ìlú Decorah ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn nílé bíi tirẹ̀ ń retí ìwé náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rí i lọ́fẹ̀ẹ́: ìwé ìtàn orílẹ̀-èdè wọn tó ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́, tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ láìtọrọ àyè. Lójú Janelle, ẹni tó bá ra ohun tó lè rí lọ́fẹ̀ẹ́, òfò ló ń ṣe.

Delmar, bàbá ọkọ rẹ̀, jókòó ní iwájú rẹ̀, ó ń mu kọfí. Àpótí aṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, nítorí iyè rẹ̀ ti ń ra, ó sì ti ń gbàgbé iná lórí sítóòfù.

Marit, ọmọ Janelle, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Láràárọ̀ ni ọmọ náà máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó bá kà nínú ìwé náà. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ó to àwọn ogun orílẹ̀-èdè rẹ̀ tẹ̀ léra títí ó fi dé ogun àgbáyé kìíní, ó wá dákẹ́.

Delmar ní, "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ó tán, Bàbá àgbà. Ìṣirò ló kàn."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ìka rẹ̀ kò pé sókè. "Kí ló wá gé èyí?"

"Ẹ̀rọ ìkórè àgbàdo. Bíi ti gbogbo àwọn bàbá tí ìka wọn ò pé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Delmar. Vietnam ni ìka rẹ̀ wà, níbi tó ti jagun nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́.

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Janelle. Ó mọ̀ pé ìwé tí ẹnìkan kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á wá ìyókù tó bá yá. Delmar tiẹ̀ ti fẹ́ ra ìwé tuntun fún wọn nígbà kan, Janelle kọ̀. Ọjọ́ náà ni bàbá sọ fún un pé ohun ọ̀fẹ́ dà bí ajá tí ẹni tó ni ín já sílẹ̀ lójú títì, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un kọ́kọ́ béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀. Janelle kà á sí ẹ̀fẹ̀ àgbàlagbà.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún un kí ẹ tó lọ."

Delmar gbìyànjú. Ó sọ nípa odò kan, nípa ẹrẹ̀ tó mu wọ́n dé orúnkún, nípa ọmọ ogun kan láti ìpínlẹ̀ Nebraska tó di ọrùn ẹ̀wù òun mú tó sì wọ́ òun jáde, tí ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò sì padà sílé. Marit fà sún mọ́ ọn, ó béèrè orúkọ ọmọkùnrin náà.

"Orúkọ rẹ̀ ni..." Delmar wo inú ife kọfí rẹ̀. Marit rọra dá orúkọ kan lábàá, ó tún dá òmíràn. Delmar mi orí.

"Gbogbo alẹ́ ni mo máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà," ó ní. "Ká ní ẹ ti bi mí lọ́dún tó kọjá ni, Janelle."

Janelle tún mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó rán ìwé tó kù. "Ìtàn Orílẹ̀-Èdè Wa Títí Di Òní" ló ti tẹ̀ sára èèpo gbogbo wọn. Ó mú rúlà àti bírò, ó fi ìlà pa "Títí Di Òní" rẹ́ lára ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó kó wọn sínú páálí, ó wọ kóòtù.

Marit dìde láti bá a lọ. Janelle ní kí ó jókòó ti bàbá rẹ̀ àgbà, kí ó bi í ní ohunkóhun, kó má dákẹ́. Ó gbé páálí náà, ó sì jáde lọ sídìí ọkọ̀.