Kúlà Tí Mùnírù Gbé Lọ sí Ayétòrò

Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bodè pa, ọwọ́ Mùnírù ọlọ́kadà ti dilẹ̀ ní Ìlárá. Tẹ́lẹ̀, ìrẹsì ló máa ń gbé wọlé láti òdìkejì, àpò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, òun fúnra rẹ̀ á wá jókòó sórí táǹkì epo bí àkùkọ lórí ọgbà. Kò sí aṣọ́bodè tí kò mọ̀ ọ́n lórúkọ. Kódà bó bá gbé ìyá arúgbó, wọ́n á ní kí ìyá sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tẹ ìjókòó wò bóyá ìrẹsì ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, inú rẹ̀ dùn nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí pè é sí ilé ìwòsàn kékeré ìlú náà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Nọ́ọ̀sì gbé kúlà kan lé e lọ́wọ́, ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ìdérí rẹ̀ yípo.

"Gbé e dé Ayétòrò kó tó di aago méjìlá. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ilé àyẹ̀wò n'Íbàdàn ń dúró níbẹ̀. Yìnyín inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ́."

"Kí ló wà nínú rẹ̀, Nọ́ọ̀sì?"

"Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Bàlíkísù ni. Máa lọ!"

Ta ni kò tíì gbọ́ nípa ẹsẹ̀ Bàlíkísù? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ọmọ-ọmọ Màmá Málọmọ́. Ní Sátidé ló jí tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọlọ, tí kò lè dìde. Àwọn kan ní nǹkan ló tẹ̀, àwọn kan ní bisikíìtì tó ń jẹ jù ni. Mùnírù gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ló wà nínú kúlà. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó ṣáná.

Kò tíì rìn jìnnà tí Ọ̀gá Alfred fi dá a dúró. Aṣọ́bodè oníkùn gbẹ̀ǹdẹ̀ yìí ti lé e wọnú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀mejì rí.

"Mùnírù! O fi ìrẹsì sílẹ̀, o bọ́ sórí tọ́kì inú yìnyín?"

"Kì í ṣe tọ́kì, Ọ̀gá. Ẹrù ilé ìwòsàn ni. Ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ẹ̀jẹ̀ tọ́kì?"

Kí Mùnírù tó dáhùn, Alfred ti fa sẹ́lótéèpù ya, ó ń da yìnyín sílẹ̀. Ó bá ọ̀rá kan, ó tú u, ó bá ọ̀rá mìíràn nínú rẹ̀. Níkẹyìn, ìgò kékeré kan jáde. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó mì í.

"Èyí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó jọ ọbẹ̀ ẹ̀pà." Ó di ìdérí mú, ó fẹ́ ṣí i.

Ẹ̀rù ba Mùnírù, ó pe Nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí Ọ̀gá Alfred lè gbọ́.

"Ẹ má ṣí i o!" Nọ́ọ̀sì pariwo. "Ìgbẹ́ Bàlíkísù ni!"

Ọmọbìnrin tó ń ta omi nítòsí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Apá Ọ̀gá Alfred nà gbọọrọ, kò lè ká a, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ju ìgò náà nù.

"Bí ẹsẹ̀ ọmọdé bá ṣàdédé rọ," Nọ́ọ̀sì ń sọ, "a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá pólíò, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ni, ká lè yára fún àwọn ọmọ yòókù ní àjẹsára. Ìgbẹ́ ló máa sọ fún wa, torí inú rẹ̀ ni kòkòrò àrùn náà máa ń wà. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó sì gbà á, ọ̀la ni ìkejì. Láti àárọ̀ àná títí dìrọ̀lẹ́ ni Màmá Málọmọ́ fi ń fún ọmọ yẹn ní ìbẹ́pẹ, tó ń kọrin fún un, kó tó ṣe é. Tó bá bàjẹ́, Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa wá kọrin!"

Alfred dá ìgò padà sínú kúlà bí ẹni gbé ẹyin. Ó fi omi ọ̀rá mẹ́rin fọ ọwọ́. Ó wo yìnyín tó ti ń yọ́ nílẹ̀, ó wo kúlà tirẹ̀ tó fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tutù, ó mí kanlẹ̀, ó sì da gbogbo yìnyín tirẹ̀ sórí ìgò náà. Lẹ́yìn náà ló gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀, ó pe àwọn aṣọ́bodè tó wà níwájú.

"Mùnírù ń bọ̀. Ìgbẹ́ ló gbé. Ẹ jẹ́ kó kọjá."

"Ọ̀gá, kí lẹ pè é?"

"Ìgbẹ́! Ìgbẹ́ pàtàkì!"

Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti gbé okùn sókè fún Mùnírù láì dá a dúró. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan bẹ́rí, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì di imú. Irú ọlá bẹ́ẹ̀ kò kàn án rí láyé. Ó dé Ayétòrò nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìkejì lọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ di imú.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: kì í ṣe rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi Màmá Málọmọ́ léèrè títí tó fi jẹ́wọ́ pé ẹnìkan tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oògùn kiri ló gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ ní ìdí nítorí ibà. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún ló ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Nọ́ọ̀sì bá a wí gan-an, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀ náà, tí yóò máa ká a, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàlíkísù ń tiro bọ̀ lójú títì, ó tọ Mùnírù wá níbi tó ti ń bá Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ìgbẹ́ mi lọ sí Ìbàdàn?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dá a padà?"

Mùnírù wo Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì wo òkè. Nọ́ọ̀sì ní òun yóò bá àwọn ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀.