Féèsì Tó Dára

Ẹni tí kò bá gbé Bódìjà á rò pé àsọdùn ni. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí epo di ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀rù rà, oníkálukú gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ilé, adìẹ wá ń yé sí i lábẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé-iṣẹ́ iná kó àdúgbò wọn sí Báńdì A. Wọ́n ní iná á máa pẹ́ nílé, owó rẹ̀ á sì ga. Ó sì ga lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ti wọ́n tó náà, kò wọ́n tó epo, ni gbogbo ilé bá kó ẹrù wọn lé iná: fìríìsà, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Tíráńsífọ́mà kan ṣoṣo ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí ilé ò tíì pọ̀ tó báyìí.

Ẹ̀ńjìnníà Adéróunmú ló ń dá ààbò bò ó. Iṣẹ́ iná ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, òun sì ni alága àwọn onílé. Ó ṣàlàyé fún wọn pé okùn mẹ́ta ló ń gbé iná jáde látinú tíráńsífọ́mà, féèsì ni wọ́n ń pè é. Ó pín àwọn ilé sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́gbọọgba, ó sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò lórí tirẹ̀. Ó ní bí iná rẹ bá ń ṣe bàìbàì, fara dà á, nítorí bí gbogbo yín bá sá lọ síbi tó dára, ibẹ̀ náà á jó, ẹ̀yin lẹ ó sì dáwó ra tíráńsífọ́mà mìíràn. Èèyàn líle ni bàbá yẹn o! Gbádérọ̀ tó ń ta ẹja inú yìnyín kàn bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n gbé òun kúrò lórí féèsì òun, bàbá lé e jáde nípàdé bí ẹni lé ewúrẹ́.

Ìyẹn ni kí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó dá a dùbúlẹ̀. Luke, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ tó ń fún un ní atẹ́gùn nímú. Iná ni ẹ̀rọ náà ń lò, féèsì tí ilé wọn wà ló sì burú jù. Bó bá ti di ọ̀sán, iná á rẹlẹ̀, ẹ̀rọ á máa ké, ètè bàbá á máa ṣú. Oyèbọ́lá ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, á sáré bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn méjèèjì bá epo lọ, títí kò fi sí mọ́. Ó wá ku kó jókòó ti ibùsùn, kó máa wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń wá èémí kiri. Ẹ̀mí ò láàrọ̀, òfin wo ló wá kù?

Ó mọ̀ pé bóun bá bi í, kò ní gbà. Kò bi í. Ìgbà tí bàbá sùn lọ ló pe Ìdrís tó ń ṣe iná ládùúgbò, ó ní kó gun òpó, kó gbé àwọn sórí féèsì tó dára. Ìdrís béèrè bóyá bàbá gbọ́ sí i. Ó ní bàbá ló rán òun. Irọ́ gbuu, láti ẹnu ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní òfin mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Iná mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ̀rọ ò ké mọ́. Bàbá mí kanlẹ̀, Oyèbọ́lá sì wọ ilé ìdáná lọ sunkún ayọ̀. Àtọjọ́ yẹn ni wọn ò ti ra epo mọ́, oògùn ni wọ́n ń fowó rẹ̀ rà.

Àmọ́ ta ní í fi iná pamọ́? Gbádérọ̀ rí i láti ojú fèrèsé. Ó wá, ó kí i dáadáa, ó ní ẹja òun ń bàjẹ́, òun náà fẹ́ gbéra. Kí ni Oyèbọ́lá fẹ́ wí? Ó ní kó ṣáà má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ní Bódìjà wo? Kò pẹ́ tí Alhaja Ràfátù tó ń ṣe omi inú ọ̀rá fi gbéra, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Bí Ìdrís bá ti fẹ́ kọ̀, wọ́n á ní ṣebí ilé ẹ̀ńjìnníà ló kọ́kọ́ lọ. Bí gbogbo àdúgbò ṣe gun orí okùn kan ṣoṣo nìyẹn.

Ọ̀sán Sátidé kan tí ooru mú gidi ni tíráńsífọ́mà dún gbàmù, èéfín dúdú sì bo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ bàbá ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Oyèbọ́lá sáré dé ìdí jẹnẹrétọ̀, kò sí epo nínú rẹ̀. Ó figbe ta. Gbádérọ̀ ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, wọ́n gbé bàbá sẹ́yìn, wọ́n kọrí sí ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ní Jẹ́ríkò.

Ọ̀nà dí. Bàbá gbé orí lé itan ìyàwó rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Oyèbọ́lá ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá Luke, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé wa kúrò lórí féèsì wa."

 Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu bàbá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tí fáànù ti ń yí dáadáa ni mo ti mọ̀."

 Oyèbọ́lá bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ nígbà náà, tí kò ní kóun dá a padà.

"Ó dùn mọ́ mi láti máa mí, Oyèbọ́lá."

Gbádérọ̀ tó ń wakọ̀ gbọ́ ọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó tẹ hóònù, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó yà fún wọn. Kí wọ́n tó yọ sí Mọ́kọ́lá, ọwọ́ tí Oyèbọ́lá dì mú ti tutù.