Kọ́kọ́rọ́ Ilé Asimawu

Ẹ bá mi wo ìyá yìí! Ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà, ọ̀nà ibẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n Asimawu ti Òkè-Ṣópẹ́n gbé fóònù sórí àga, ó káwọ́ gbera, ó ní òun kò lọ.

Kì í ṣe pé kò wù ú o. Láti ọjọ́ tí Jubril ọmọ rẹ̀ ti sọ pé ìyàwó òun bí obìnrin ni oríkì ọmọ náà ti ń yún un lẹ́nu. Nílé wọn, ìyá bàbá ọmọ ló ń kọ́kọ́ fi oríkì pe ọmọ tuntun. Ẹnu ẹlòmíì kì í ṣíwájú tirẹ̀.

Shukurat ló fà á. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè yìí ló wá fara balẹ̀ kọ́ ọ.

“Màmá Àgbà, íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ọ̀nà tó so fóònù ayé pọ̀. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì jẹ́ ilé kan lójú ọ̀nà yẹn. Líǹkì ló ń gbé yín dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni. Páswọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́. Dátà ni epo ọkọ̀. Bó bá tán, ọkọ̀ dúró nìyẹn.” Ó wá fa etí ara rẹ̀. “Líǹkì tí ẹni tí ẹ ò mọ̀ bá fi ránṣẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Gbájúẹ̀ ni!”

Nọ́ńbà tí Asimawu kò mọ̀ rí ni líǹkì ìsọmọlórúkọ yìí sì ti wá. Ibi tó ti ń wò ó tìfuratìfura ni nọ́ńbà náà pè é.

“Màmá, ẹ kú ilé. Ọ̀rẹ́dọlá ni, ìyàwó Jubril. Fóònù mi ló bàjẹ́, nọ́ńbà tuntun nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ líǹkì yẹn, àáfà ti jókòó!”

“Gbájúẹ̀ lè sín ohùn ẹnikẹ́ni jẹ,” Asimawu dá a lóhùn. “Sọ páswọ́ọ̀dù ilé tèmi fún mi. Báwo ni mo ṣe ń ki ọkọ rẹ?”

Ọ̀rẹ́dọlá bú sẹ́rìn-ín. “Àjàní, a-jẹ-ìkọ́kọrẹ́-má-mọ̀-pé-ó-yó!”

“Yéè! Ìyàwó mi ni!”

Asimawu sáré wé ìborùn. Ó bọ́ bàtà, nítorí ilé onílé ló fẹ́ wọ̀, ó wá tẹ líǹkì náà.

“Àsàláámù àlékùm! Ẹ kú ilé o!”

Gbogbo èrò inú fóònù dáhùn. Omi lé ròrò sójú Jubril. “Màmá, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin là ń dúró dè.”

Wọ́n gbé ọmọ náà sún mọ́ ọn. Hùn-ún, ìfẹ́ ọmọ pọ̀! Asimawu kò mọ ìgbà tó fọwọ́ pa ojú fóònù bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́.

“Àṣàkẹ́,” ó pè é. “Àṣàkẹ́ mi. Àṣàkẹ́ ọmọ Àjàní.”

Ọmọ náà la ojú. Bó ṣe là á báyìí ni àwòrán dúró gbagidi. Dátà ti tán.

Asimawu nu ojú, ó rẹ́rìn-ín. “Kí epo máa tán nísinsìnyí. Mo ti dé ibi tí mò ń lọ.”