Sípíkà fún Pálọ̀ Kékeré

"Màámi, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún láyà," Ganiyat tó ń ta sípíkà ní, ó sì tún yí ohùn sókè.

Adébùnmí gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ ní gbogbo apá ọjà Ìkòtún yẹn. Páànù orí ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n, ọkùnrin tó ń ta ṣájà fóònù níwájú ti ń mi èjìká, àyà Adébùnmí fúnra rẹ̀ sì ń lù kìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Sípíkà dúdú méjì náà ga tó ọmọ iléèwé, iná búlúù ń tàn yí wọn lára. Adébùnmí nawọ́ sí Ganiyat pé kó bá òun dín in kù.

"Ó ti pọ̀ jù," ló wí. "Pálọ̀ wa kéré."

"Kò sí bí pálọ̀ ṣe kéré tó, Màámi. Ẹ ó kàn tilẹ̀kùn ni, kẹ́ ẹ máa gbádùn ara yín."

Adébùnmí kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi ń ra ohun tó máa bá nǹkan mu ju kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n lọ. Ó yọ okùn òwú funfun kan tó ti ta ní kókó káàkiri jáde nínú báàgì, ó fà á gùn lórí káńtà, ó wá ń fi ìka tọ́ka sí àwọn kókó náà. Láti ibí dé ibí ni ìbú pálọ̀. Láti ibí dé ibí ni àga bàbá fi jìnnà sí ògiri tó kọjú sí. Kókó kékeré tó wà níparí yìí sì ni bí etí ṣe ga sílẹ̀ tó.

"Etí ta ni?"

"Etí bàbá. Etí ọkọ mi, tí wọ́n bá jókòó."

Ganiyat jogún ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì ti rí oríṣiríṣi oníbàárà láti kékeré. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó ní àwọn kan máa ń mú fọ́tò yàrá wọn wá, àwọn mìíràn máa ń mú pásítọ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì mú ìwọ̀n etí wá bá òun rí. "Kí ló dé tí Dádì ò wá fúnra wọn?"

Ìbéèrè tí Adébùnmí kò fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Akínlẹ́yẹ ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kì í ṣe pé ó ń bínú bí àwọn ọkùnrin ṣe ń bínú, tí wọ́n á máa gbá ilẹ̀kùn, tí wọ́n á máa kọ oúnjẹ kí gbogbo ilé lè mọ̀. Ó kàn dákẹ́ ni. Á jí, á wẹ̀, á jókòó sínú àga rẹ̀, á kọjú sí ògiri tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tó bá gbé fún un, á tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń ṣe é lóore, á sì rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣòkòtò tí Adébùnmí rán fún un lọ́dún tó kọjá ti ń yọ ní ìdí rẹ̀. Ohun tó sì ń ba obìnrin náà lẹ́rù jù ni pé bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ṣe ṣe gan-an nìyẹn ní Ìdànrè. Wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, wọ́n ní á sọ̀rọ̀ tó bá yá. Ó ń dákẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi bá òkú rẹ̀ lórí ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ sípíkà ló sì dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí onílé wọn ní Ìgàndò ta ilé rẹ̀, tí wọ́n kó wá sí ilé kékeré kan ní Egan, sípíkà ńlá méjì tí Akínlẹ́yẹ ti ń lò láti ìgbà tí Tósìn ọmọ wọn ṣì wà ní jẹ́léósinmi kò rí àyè. Ó gbé wọn sí igun yìí, ó gbé wọn sí igun tọ̀hún, gbogbo orin di hùù-hùù bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá. Lọ́jọ́ kan ó fi ìbínú sọ pé, "Àwọn nǹkan yìí ti ju ilé yìí lọ." Adébùnmí gbà á gbọ́, nítorí kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀sọkúsọ. Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà, kálukú ń wá ohun tó máa gbé sílẹ̀ fún gbàǹjo. Ó ní kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé sípíkà méjèèjì, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti yanjú ọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn ló ń gbé wá. Tí wọ́n bá wá ń pe iye rẹ̀, ará ilé ẹni náà á nawọ́, á rà á padà, ìjọ á pàtẹ́wọ́, ẹrù á padà sílé, owó á sì dúró sílé Ọlọ́run. Kò sí ọmọ ìjọ tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé sípíkà jáde, Adébùnmí ń wo ọkọ rẹ̀ láti ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Ó ń rò ó lọ́kàn pé bó bá ṣì fẹ́ wọn, á nawọ́. Ọwọ́ Akínlẹ́yẹ wà lórí orúnkún rẹ̀ títí wọ́n fi lu agogo pé ó ti tà. Ọkùnrin kan tó ní gbọ̀ngàn ìnáwó lápá Àgbàdo ló rà wọ́n. Nígbà tí Adébùnmí sáré lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ní àwọn sípíkà náà ti jóná.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ganiyat, ọmọ tí kò mọ̀ rí, nínú ariwo ọjà. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó bú sẹ́kún.

"Bá mi wá èyí tó máa jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀," ló wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tí wọ́n bá kú sí mi lọ́wọ́ nínú pálọ̀ yẹn ńkọ́?"

Ganiyat fà á lọ́wọ́. "Màámi, ẹ jẹ́ ká kúrò níta jàre. Ariwo ọjà ni gbogbo èyí tí mo pàtẹ síbí ń bá jà. Ẹ ò lè mọ bí wọ́n ṣe máa dún nílé."

Ó mú un wọnú yàrá tó ń kó ẹrù sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn méjèèjì fi okùn òwú náà wọn ibẹ̀, wọ́n ń ti páálí sọ́tùn-ún sósì títí àyè tó kù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bíi pálọ̀ Egan. Adébùnmí jókòó lórí kéréètì, ó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn. Ganiyat wá orin ìyìn obìnrin kan sórí fóònù rẹ̀, ó wá bi í léèrè ohun tí Dádì máa ń sọ tí orin bá dùn mọ́ wọn.

Adébùnmí ronú. "Wọ́n á ní, 'Ìyá Tósìn, ṣé o gbọ́ bí obìnrin yẹn ṣe mí kó tó gbé orin?' Èmi á ní mo gbọ́."

"Ẹ sì gbọ́ lóòótọ́?"

"Ìdí máṣíìnì ni mo máa ń wà. Kí ni mo fẹ́ gbọ́?"

Wọ́n gbìyànjú èkíní, ó ń kùn hùù bíi tilé. Ganiyat yí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án, ó ní ihò tó wà níbẹ̀ yẹn ló ń fẹ́ atẹ́gùn lu ògiri, ibi tó bá sì há, ògiri á dá a padà sí èèyàn létí. Èyí tí ihò rẹ̀ wà níwájú ló yẹ wọ́n. Wọ́n gbé òmíràn wá, ó mọ́ ṣùgbọ́n ó ń gún Adébùnmí létí bí abẹ́rẹ́. Ó ní kó gbé e kúrò. Ìgbà tí wọ́n ti dán gbogbo tuntun wò tán, ọkàn rẹ̀ ti dàrú pátápátá, ó ti ń ronú pé àfàìmọ̀ kóun má padà lọ́wọ́ òfo, ni Ganiyat fa tòkunbọ̀ méjì kan yọ lábẹ́ àwọn páálí. Wọ́n kéré, igi ara wọn ti ha, kò sì sí iná kankan lára wọn. Ó gbé wọn ga dé ibi kókó etí.

Adébùnmí di ojú. Nǹkan kan dún díẹ̀ nítòsí rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó yà á lẹ́nu, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ta ló wọlé?"

"Kò sẹ́ni tó wọlé, Màámi. Obìnrin tó ń kọrin yẹn ló mí."

Adébùnmí ní kó dì wọ́n fún òun.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Egan, ó gbé ọ̀kan lé ẹsẹ̀, ó fi orúnkún há ìkejì. Akínlẹ́yẹ wà nínú àga bó ṣe fi í sílẹ̀. Kò béèrè ohun tó gbé wọlé. Adébùnmí tò wọ́n, ó so wáyà bí Ganiyat ṣe kọ́ ọ, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn àwo orin ọkọ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà ha àwo kó tó jókòó. Orin bẹ̀rẹ̀.

Akínlẹ́yẹ dìde. Ó rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì tilẹ̀kùn.

Ibi tí ọgbọ́n Adébùnmí pin sí nìyí. Kò ní agbára láti pa ẹ̀rọ náà, ó kàn jókòó sínú àga ọkọ rẹ̀ nítorí òun ló sún mọ́ ọn jù, ó gbé ìborùn bo ojú, ó ń sunkún. Orin ń lọ lórí rẹ̀. Kò gbọ́ ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí.

"Dìde díẹ̀."

Ohùn náà ti há nítorí àìlò. Adébùnmí dìde. Akínlẹ́yẹ di ẹ̀yìn àga náà mú, ó fà á síwájú títí àyè fi wà láàárín rẹ̀ àti ògiri tó wà lẹ́yìn. Mímí rẹ̀ ti ń ga kó tó ṣe é tán.

"O ti sún mọ́ ògiri jù. Jókòó báyìí."

Ó jókòó. Kò ní lè dúró di ọ̀la kó tó sọ ọ́. "Bàbá Tósìn, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ní wọ́n ti ju ilé lọ. Mo ń wo ọwọ́ yín lọ́jọ́ ìkórè, ẹ ò nà á."

Ọkọ rẹ̀ ń wo sípíkà tòkunbọ̀ méjèèjì.

"Ìwọ lo gbé wọn lọ," ló wí. "Mo ní bó o bá mọ ohun tí wọ́n jẹ́ fún mi, wàá nawọ́. Ọwọ́ tìrẹ ni mò ń wò."

Adébùnmí fẹ́ dìde kí ọkọ rẹ̀ lè gba àga rẹ̀, ṣùgbọ́n Akínlẹ́yẹ gbọ́wọ́ lé e léjìká pé kó má dìde. Nígbà tó yá, obìnrin náà bọ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ gbé àga ìránṣọ rẹ̀ wá láti ìdí máṣíìnì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọkọ rẹ̀. Pálọ̀ há débi pé ilẹ̀kùn àbáwọlé kò ṣeé ṣí mọ́. Ẹni tó bá wá kí wọn á dúró síta ni. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ bóyá á ní kó gbé e padà.

Akínlẹ́yẹ jókòó sórí àga ìránṣọ náà, ó ní kó bá òun yí àwo sí ojú kejì.