Àlàfo Sàníù

Ọdún tí ogun Ìjàyè gbóná, tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń já ènìyàn gbà lóko bí ẹni ń já ata, ni baálẹ̀ Ìrókò ní kí a mọ odi ìlú. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀ tí yóò gbẹ́ yàrà sí, tí yóò fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi. Gbogbo wa bọ́ sí i, àfi Sàníù, aládùúgbò mi.

"Èmi ni kí n máa ru ẹrẹ̀?" Ó gbé tẹ̀sùbáà sókè. "Jùbrílù, Ọlọ́run ni odi mi. Ìgbàgbọ́ tiyín ló kéré."

Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tí kì í jí kírun Àsùbáà àfi bí ìyàwó rẹ̀ bá wọ́n omi sí i lójú! Inú bí mi, mo gbé agbọ̀n ẹrẹ̀ mi lọ.

Bí àlàfo ṣe wà nínú odi wa nìyẹn, níbi tó kan agbo ilé Sàníù. Sàníù tiẹ̀ fi ṣe ọ̀nà oko, ó ní ó yá ju ẹnubodè lọ. Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò rí oorun sùn mọ́ nítorí àwọn ọmọ.

"Bàbá Ṣítù, ẹ jọ̀ọ́," ó bẹ ọkọ rẹ̀, "ibẹ̀ ni wọn ó gbà wọlé kó wa."

"Lọ gbàdúrà."

Nígbà tí Sàníù lọ sí ahéré fún ọjọ́ mélòó kan, Àbíkẹ́ bẹ̀ wá. Tọkùnrin tobìnrin la fi gbẹ́ yàrà, a sì mọ odi náà kọjá orí ènìyàn; ó ku apá kan tí a kò tíì mọ dé òkè tán.

Ẹrẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa tí ariwo fi sọ: "Wọ́n dé o!" Àwọn aṣọ́bodè yára ti ẹnubodè. Sàníù ń sáré bọ̀ láti oko, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò wo ẹnubodè rárá, àlàfo rẹ̀ ló dorí kọ. Odi ló bá níbẹ̀.

"Yéè! Ta ló dí i?"

"Àwa tí ìgbàgbọ́ wa kéré ni," Àbíkẹ́ dáhùn láti orí odi. Ẹkún ló ń sun. "Ẹ bọ́ sínú yàrà! Kíá!"

Ó já sínú ẹ̀gún tí a kó síbẹ̀. A ń gbọ́ àdúrà rẹ̀ lókè: kò gùn, kò sì sí Lárúbáwá kankan nínú rẹ̀. "Ọlọ́run, gbà mí. Mo bẹ̀ Ọ́." Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ má purọ́ mọ́ mi. A rọ̀jò ọfà lé àwọn tó ń lé e lórí. Nígbà tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ kò rí ibi wọlé, wọ́n pẹ̀yìn dà.

A fi okùn fa Sàníù sókè. Ó yọ ẹ̀gún lára, ó gbá odi pẹ́pẹ́.

"Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ fún yín pé Ọlọ́run ni odi mi!"

Mo fẹ́ fọ́ ọ létí. Àbíkẹ́ ló dá mi dúró. Ó rọra gbé agbọ̀n ẹrẹ̀ ka ọkọ rẹ̀ lórí.

"Òótọ́ ni, Bàbá Ṣítù. Ó ku apá ọ̀hún tí Ọlọ́run ò tíì mọ tán."