Ọkọ̀ Tó Ní Táyà

Ìgbà kẹrin nìyí tí Bàbá Búréèkì fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó dúdú fún gírísì tẹ fóònù náà, ìgbà kẹrin náà sì nìyí tí fóònù dá a lóhùn bákan náà: "Ọ̀rọ̀ yín ń dúró de ìfọwọ́sí alábòójútó."

"Kó dúró de ta ni?" Ó ju fóònù sórí bẹ́ńṣì, àfi bíi pé fóònù ló jẹ̀bi. "Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń tún búréèkì ṣe. Ta ló fẹ́ wá fọwọ́ sí i fún mi?"

Àwọn ọmọṣẹ́ ti lọ jẹun ọ̀sán. Jáàkì nìkan ló kù lábẹ́ ọkọ̀ kan tí wọn ò tíì so táyà rẹ̀ padà.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ asán ló fẹ́ sọ. Lórí gbàgede àwọn awakọ̀ tó wà lórí ayélujára, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyá Bọ́ọ̀sì béèrè láàárọ̀ ọjọ́ náà pé bọ́ọ̀sì tí òun fi ń kó ọmọ ilé-ìwé, bí òun bá ti tẹ búréèkì, ṣe ló ń fà sí òsì, táyà iwájú kan sì ń gbóná bí ààrò. Kí ló lè fà á? Ìsinmi ti parí, lọ́la ni ilé-ìwé ń wọlé, ọmọ mẹ́tàlá lòun sì máa kó. Ènìyàn mẹ́fà ti dá a lóhùn. Ẹnì kan ní kó pààrọ̀ páàdì. Ẹnì kan ní kó rọ omi búréèkì kún un. Ẹnì kan kàn fi àwòrán ẹ̀rín síbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá Búréèkì kà á tán, ara rẹ̀ bù máṣọ. Róbà tó ń gbé omi búréèkì lọ sídìí táyà ló ti bó nínú. Tó bá lọ bẹ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun ń wọ́, ẹ̀rọ kan wá ń sọ fún àgbà pé kó dúró ná!

Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ó yọ "ẹ kú iṣẹ́" tó fi bẹ̀rẹ̀ kúrò, bóyá ìkíni ló pọ̀ jù. Ẹ̀rọ ní kó dúró. Ó yọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kúrò. Ẹ̀rọ ní kó dúró. Ó kọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ sí i, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré. Dúró. Nígbà tó yá, ó ń pariwo mọ́ fóònù bí ẹni tí ìyàwó tilẹ̀kùn mọ́ síta: "Ṣé mo jalè ni? Àbí mo bú bàbá ẹnì kan ni?"

Ìsàlẹ̀ ojú-ewé náà pátápátá ló ti rí nọ́ńbà alábòójútó. Ó pè é. Obìnrin kan ló gbé e. Ariwo àwọn ọmọ kéékèèké gba ẹ̀yìn rẹ̀ kan.

"Ìwọ lo ti ọ̀rọ̀ mi mọ́lé?" Kò tilẹ̀ kí i.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ̀rọ ló dá a dúró, kì í ṣe èmi. Orúkọ wo lẹ fi kọ ọ́?"

Ó sọ fún un.

"Háà, ẹ̀yin ni. Ẹ̀ẹ̀méje ni ẹ̀rọ ti fi tiyín tó mi létí látàárọ̀. Bàbá, mo gbọ́ ohùn yín, àgbàlagbà ni yín. Kí ló dé tí ẹ ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí obìnrin?"

"Irú ọ̀rọ̀ wo?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lẹ kọ ọ́ nínú ìwé kan ṣoṣo."

"Kí ni mo kọ?"

"Ẹ má jẹ́ kí n fẹnu mi pè é. Nǹkan... nǹkan tí ọkùnrin fi ń jẹ́ ọkùnrin."

Ojú ti Bàbá Búréèkì débi pé ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ló bú jáde: "Ọkọ̀! Ọkọ̀ ni mo kọ! Ọkọ̀ tó ní táyà!"

"Ẹ ò fàmì sí i lórí, ẹ ò fàmì sí i lábẹ́. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ lóréfèé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ò mọ tojú títì yàtọ̀ sí tinú ṣòkòtò."

"Òfin burúkú gbáà! Ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Bàbá, obìnrin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo gba iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ tẹ́nì kan ò san kọ́bọ̀ fún mi lé lórí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti béèrè ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ rẹ̀, kiní yẹn làwọn ọkùnrin ibẹ̀ fi ń dá a lóhùn. Mẹ́rin ló kù báyìí. Ìyá Bọ́ọ̀sì wà lára wọn. Mi ò lè yọ ọ́."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa, ẹ kúkú tú tèmi nìkan sílẹ̀."

"Ibi iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ ni mo wà, ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣáà fàmì sí i. Á kọjá fúnra rẹ̀."

Bàbá Búréèkì ò mọ ibi tí àmì wà lórí fóònù. Ó nu ọwọ́, ó sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ. Ọmọ náà ti kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì lọ́wọ́ rẹ̀ rí fún oṣù mẹ́rìnlá, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí i. Ó kàn jí lọ́jọ́ kan ni, ó ní òun fẹ́ràn abẹ́rẹ́ ju sípánà lọ. Bàbá rẹ̀ ò wádìí rẹ̀.

"Bá mi fàmì sí nǹkan yìí. Gbogbo ibi tí mo bá ti kọ ọkọ̀. Ẹ̀rọ aláìmọ̀kan yẹn ń kà á sí ìsọkúsọ."

Ọmọ rẹ̀ gba fóònù, ó rọra kà á. "Ẹ ò sọ fún un pé kó fi jáàkì gbé e sókè, kó tẹ búréèkì, kó tú u sílẹ̀, kó wá fọwọ́ yí táyà wò. Bí kò bá yí, róbà ni."

Òótọ́ ni. Òun gan-an ti gbàgbé ìyẹn. "O ṣì rántí?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan." Ó kọ ọ́ kún un, ó wá ń fàmì sí ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, àwọn ọmọṣẹ́ kì í gbàgbé àmì ìsọkúsọ yẹn. Bí mo bá ti wọlé láàárọ̀ báyìí, wọ́n á pè é sí mi kó já gaara."

Ó fẹ́ sọ pé eré ni. Ó wá rí ara rẹ̀ nígbà náà, tó ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọmọṣẹ́ ń pariwo, tí ẹ̀rín tirẹ̀ sì ń bo tiwọn mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà ńlẹ̀ láti gbàgbé.

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ò wí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà kọjá wọ́ọ́rọ́. Bàbá Búréèkì dúró de inú dídùn, kò rí i.

Kò pé ìdajì wákàtí tí Ìyá Bọ́ọ̀sì fi dáhùn. "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Kò yí lóòótọ́. Ṣé mo lè pe ẹni tó máa fà á wá sọ́dọ̀ yín lónìí? Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o: ṣé ibi tí obìnrin lè dá wá ni?"

Bó bá ṣe àárọ̀ yìí ni, ìbéèrè náà ì bá bí i nínú. Ṣé ẹkùn ló ń gbé ibẹ̀ ni? Ó kọ "bẹ́ẹ̀", ó fẹ́ kọ "ni" tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó pa á rẹ́. Ó na fóònù sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ni kí o dá a lóhùn."

Ọmọ rẹ̀ wo fóònù náà pẹ́. Ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dá a padà fún un. "Mo ní kó máa bọ̀ ní aago mẹ́rin. Mo ní obìnrin kan máa wà níbẹ̀."

Bàbá Búréèkì jáde. Àwọn ọmọṣẹ́ ti jẹun dé. Ẹ̀rín wọn ń ta sókè ní òdìkejì. Ọ̀nà ṣófo, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, síbẹ̀ kò tíì sọdá. Ó dúró létí títì, ó ń fetí sílẹ̀, kó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.